Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Ó Di Àwọ̀ Ewé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Kò sí iye ìgbà tí n kò tíì kọ òwe yìí sára pátákó ìkọ̀wé, tí n kò sì ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé mi fi í ṣe gbólóhùn. Ṣùgbọ́n nínú oṣù keje tí ó kọjá, omi ni ó wá kọ́ èmi olùkọ́ ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ìtàn náà kò bá mi lójú mu, síbẹ̀ n óò sọ ọ́, nítorí mo mọ̀ pé àwọn tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn fi ilé sílẹ̀ fún láti máa tọ́jú kò kéré láàárín wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ti ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọjọ́ pípẹ́. Ó kọ́ ilé kan sí Ìbàdàn, ó sì gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó fi táìsì aláwọ̀ búlúù tẹ́ inú rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn àtimáa lúwẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá wá sílé. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ilé náà wà. Bàbá ọlọ́dẹ, ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ wọn ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún ń gbé nínú ilé kékeré tí ó wà lẹ́yìn.

Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi gbé lé mi lọ́wọ́ kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé kí n rí i pé ẹ̀rọ tí ń fa omi adágún náà gba inú asẹ́ ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Èkejì ni pé kí n máa da oògùn kilorínì sí omi náà bí ó ti yẹ. Oṣooṣù ni ó ń fi owó oògùn ránṣẹ́, pẹ̀lú owó dísẹ̀lì tí a óò máa rọ sí jẹnẹrétọ̀ bí iná mànàmáná bá lọ.

IBI TÍ MO TI ṢÌNÀ

Ní ìparí oṣù kẹfà, ìjì kan jà ní àdúgbò náà, ó fa wáyà iná já, a kò sì rí iná fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Àkókò náà gan-an ni mo ń ṣe àmì sí ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi, àkókò náà sì ni onílé mi ń béèrè owó ilé rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Kí ni mo ṣe? Mo mú ìdajì owó dísẹ̀lì ẹ̀gbọ́n mi, mo fi san owó ilé. Mo sọ fún ara mi pé bí oṣù bá parí n óò dá a padà, àti pé omi tí kò ní ẹnu kò ní ohun tí ó máa sọ. Jẹnẹrétọ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ kò fa omi, oògùn sì wà nínú ike rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, omi náà pàdánù dídán rẹ̀. Ní ọjọ́ keje, mo fọwọ́ kan ògiri rẹ̀, ó ń yọ̀ bí ilá. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó ti di àwọ̀ ewé, bí ìgbà tí ènìyàn bá fún ewúro sínú agbada. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, a kò rí àtẹ̀gùn kejì tí a fi ń sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ mọ́.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. Ó ní, “Àbúrò, a ń bọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún òní, èmi àti ìyàwó mi àti àwọn ọmọ. Báwo ni adágún náà? Ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ kí àwọn ọmọ lè rí i.”

Mo ní, “Kò sí wàhálà, ẹ̀gbọ́n mi.” Mo wá inú fóònù mi, mo rí àwòrán tí mo yà ní oṣù kẹrin, nígbà tí omi náà mọ́ gaara, mo sì fi í ránṣẹ́. Inú àwọn ọmọ dùn. Inú tèmi kò dùn.

ỌJỌ́ TÍ A RÍ BỌ́Ọ̀LÙ, TÍ A KÒ RÍ ỌMỌ

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Sátidé, mo wà ní iwájú ilé nígbà tí mo gbọ́ igbe ìyàwó bàbá ọlọ́dẹ. Mo sáré dé ẹ̀yìnkùlé. Bọ́ọ̀lù ọmọ wọn ń léfòó ní àárín omi náà. Sálúbàtà ọmọ náà ẹsẹ̀ kan wà ní etí omi. Ọmọ kò sí níbì kankan.

Ẹ̀yin ará, n kò rántí pé mo bọ́ bàtà. Mo ṣá bá ara mi nínú omi ni. Mo mọ odò í wẹ̀, nítorí etí odò ni a gbé tọ́ mi dàgbà, ṣùgbọ́n kí ni ìwúlò ìlúwẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò ríran? Mo la ojú mi nísàlẹ̀ omi, ó dà bí ìgbà tí mo la ojú sínú ìkòkò ewédú. Mo na ọwọ́ síwájú, n kò rí ọwọ́ ara mi. Mo wá ń fi ẹsẹ̀ tálẹ̀ kiri láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ohun rírọ̀ kan kan ẹsẹ̀ mi tí ọkàn mi sì já, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó jẹ́ òkìtì ewé máńgòrò tí ó ti rà. Ìyá ọmọ ń ké lókè, bàbá rẹ̀ dúró bí òpó, èmi sì ń sọ nínú ọkàn mi pé, “Olúwa, owó ilé ni mo fi ṣe.”

Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni aládùúgbò kan pariwo pé òun ti rí i. Ọmọ náà ń sùn lórí àpò sìmẹ́ńtì òfìfo ní ẹ̀yìn igi máńgòrò! Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti bọ́ sómi, ó sunkún títí, ó sì sùn lọ. Ìyá rẹ̀ gbá a létí, ó sì gbá a mọ́ra nígbà kan náà. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí mi, bí omi aláwọ̀ ewé ti ń kán lára mi, ó ní: “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, bí omi yìí kò bá ní ṣeé tún ṣe, ẹ jẹ́ kí a kó kúrò níbí.”

N kò sùn lóru ọjọ́ náà. Bí ọmọ yẹn bá wà nísàlẹ̀ omi lóòótọ́, ó lè wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mi kí n má rí i.

KÍ NI Ó Ń SỌ OMI DI ÀWỌ̀ EWÉ?

Kì í ṣe ìdọ̀tí lásán ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ojúoró tàbí òṣíbàtà. Àwọn ewéko tín-ín-tìn-ìn-tín ni, tí ojú lásán kò lè rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àfi bí wọ́n bá pọ̀ jọ. Algae ni àwọn olóyìnbó ń pè wọ́n; ewé-omi ni n óò máa pè wọ́n níhìn-ín. Afẹ́fẹ́ ń gbé wọn wá, òjò ń rọ̀ wọ́n wá, ẹsẹ̀ ẹyẹ sì ń kó wọn wá. Oòrùn ni iná ìdáná wọn. Ewé tí ó bá jábọ́ tí ó sì rà, eruku, àti ìgbẹ́ ẹyẹ, àwọn ni oúnjẹ wọn. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́wọ́, tí kò sì mira, wọn a máa bí sí i lójoojúmọ́ títí wọn yóò fi gba gbogbo omi.

Kí a má parọ́ mọ́ wọn, wọn kì í ṣe ọ̀tá ayé. Àwọn ìbátan wọn nínú òkun ni wọ́n ń pèsè nǹkan bí ìdajì afẹ́fẹ́ òsíjìn tí a ń dá lórí ilẹ̀ ayé, àwọn sì ni ìpìlẹ̀ oúnjẹ ẹja. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dára nínú òkun kò dára nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti rí àyè gbé, kilorínì ti tán níbẹ̀ nìyẹn, kòkòrò àrùn náà sì lè gbé ibẹ̀. Ẹ̀fọn a máa yé sínú omi bẹ́ẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ẹyin náà a sì ti di ẹ̀fọn tí ń fò. Èyí tí ó wá burú jù ni pé a kì í rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

BÀBÁ ONÍMI

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo ra kilorínì oníyẹ̀fun àti ásíìdì tí wọ́n ń lò fún omi ìlúwẹ̀ẹ́. Mo gbé garawa kan kalẹ̀, mo fẹ́ po méjèèjì pọ̀ kí agbára wọn lè di ọ̀kan. Ọlọ́run ni ó ní kí òbí ọmọ ilé-ìwé mi kan mú bàbá kan wá bá mi ní wákàtí náà gan-an. Ó ti tó ọdún 22 tí bàbá yìí ti ń tọ́jú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ hótẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú yìí. Bí ó ti rí mi, ó pariwo pé:

“Tíṣà! Ẹ gbé e kalẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín ni?”

Ó ṣàlàyé fún mi pé bí ásíìdì bá kan kilorínì, èéfín olóró ni yóò tú jáde, èyí tí ó ń dáná sun ẹ̀dọ̀fóró. Mo rántí ìtàn ogun àgbáyé kìíní tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ, bí àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣe tú èéfín kilorínì sí àwọn ọ̀tá wọn nítòsí ìlú Ypres ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915. Ohun tí mo fẹ́ pò nínú garawa ní ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

Bàbá tún ní kí n má po oríṣi kilorínì kan mọ́ òmíràn láé, nítorí pé méjì lára wọn lè gbiná tàbí kí wọ́n bú gbàmù bí wọ́n bá kan ara wọn. Ó ní oògùn ni à ń da sínú omi, a kì í da omi sórí oògùn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Mo ní, “Bàbá, ṣé kí a kúkú fa gbogbo omi náà dànù, kí a bu òmíràn sí i?”

Ó mi orí. Ó ní, “Nínú òjò yìí? Ilẹ̀ ti mu omi yó. Bí ẹ bá sọ adágún yìí di òfìfo, omi abẹ́ ilẹ̀ yóò tì í sókè bí ìgbà tí omi bá ń ti igbá, ẹ óò sì rí i tí táìsì rẹ̀ yóò máa sán. A óò wẹ omi náà níbi tí ó wà ni.”

ÀWO FUNFUN

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá ní kí wọ́n gbé àwo funfun kan wá, èyí tí wọ́n ya òdòdó pupa sí ní àárín. Ó so ó mọ́ okùn, ó sì rọra sọ ọ́ sínú omi. Kò tíì ju ìwọ̀n ìka ọwọ́ tí a yà gbọọrọ lọ tí a kò fi rí i mọ́. Ó ní, “Àwo yìí ni dókítà wa. Bí ẹ bá rí òdòdó rẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí ó jìn jùlọ, omi yín ti sàn. Kí ó tó dìgbà náà, ọmọ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé etí rẹ̀.” A fi okùn àti igi sé ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé náà ní ọjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n ṣírò omi náà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 8, ìbú rẹ̀ mítà 4. Ibi tí kò jìn jẹ́ mítà 1, ibi tí ó jìn jẹ́ mítà 2, nítorí náà ìdáméjì àpapọ̀ wọn jẹ́ mítà 1½. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, a óò rí 48, èyí tí ó jẹ́ lítà 48,000. Bàbá ní ẹni tí kò bá mọ iye omi rẹ̀ kò lè mọ iye oògùn rẹ̀. Bí ó bá lò ó kéré, ewé-omi yóò rẹ́rìn-ín. Bí ó bá lò ó pọ̀, owó rẹ̀ yóò sunkún.

IṢẸ́ ỌJỌ́ MÉJE

Ní ọjọ́ kìíní, a fi àwọ̀n kó gbogbo ewé inú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a fi búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́pàá gígùn ha ògiri, ilẹ̀ àti abẹ́ àtẹ̀gùn, nítorí pé ewé-omi tí ó bá lẹ̀ mọ́ ògiri a máa fi ìyọ̀ ara rẹ̀ bo ara rẹ̀ bí aṣọ, oògùn kì í sì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A fọ asẹ́ oníyanrìn nípa dídá ọ̀nà omi padà, kí ìdọ̀tí inú yanrìn náà lè jáde. A yẹ omi wò pẹ̀lú bébà tí ń yí àwọ̀ padà: kilorínì kò sí rárá, ìwọ̀n kíkan omi tí wọ́n ń pè ní pH sì jẹ́ 8.

Bàbá ní kí a kọ́kọ́ mú 8 yìí wálẹ̀ sí 7.2. Èyí ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ. Nínú omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 8, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kilorínì ni ó ní agbára àtipa nǹkan. Bí ó bá jẹ́ 7.2, ó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Èyí ni pé ẹni tí kò bá tún pH rẹ̀ ṣe ń da èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ sómi lásán. A da ásíìdì díẹ̀díẹ̀ sínú garawa omi, a sì dà á yí adágún náà ká, a fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ó máa pò ó láti ọ̀sán títí di alẹ́.

Nígbà tí oòrùn wọ̀ ni a tó lo kilorínì. Mo béèrè ìdí tí a kò fi lò ó lọ́sàn-án. Bàbá ní oòrùn a máa jẹ kilorínì. Bí oòrùn bá mú gan-an tí kò sì sí oògùn amúdúró nínú omi, kí wákàtí kan tó pé ìdajì rẹ̀ lè ti lọ. Kilorínì wa jẹ́ èyí tí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Kílò kan àti ààbọ̀ ni a lò, èyí tí ó fún lítà omi kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí mílígíráàmù 20. Ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi, kò sinmi lọ́sàn-án, kò sinmi lóru.

Owó dísẹ̀lì iṣẹ́ náà ńkọ́? Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́ ni mo ti yá a. Owó tí mo rò pé mo fi ọgbọ́n jẹ, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ni mo fi wá ẹ̀sìn rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bébà náà fi hàn pé gbogbo kilorínì ti tán. Mo kígbe pé iṣẹ́ kò jẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó jẹ́, Tíṣà. Òkú wọn ni ó jẹ ẹ́ tán. Ẹ tún da òmíràn lálẹ́.” Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní alẹ́ ọjọ́ kejì àti alẹ́ ọjọ́ kẹta. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni à ń ha ògiri tí a sì ń fọ asẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, àwọ̀ ewé náà ṣí, omi wá dà bí omi eérú. Àwo wa lọ sílẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, kilorínì tí a dà lálẹ́ ṣì wà níbẹ̀ bí a ti fi í sílẹ̀. Bàbá ní àmì tí òun ń dúró dè nìyẹn: bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kilorínì kò sì dín kù, kò sí ohun alààyè tí ń jẹ ẹ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n omi náà funfun bí omi ògì. Àwọn òkú ewé-omi náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí yanrìn asẹ́ kò fi mú gbogbo wọn. Ohun tí Bàbá lò kì í ṣe ohun àjèjì. Álọ́ọ̀mù ni, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń tòrò omi kànga. Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ó yọ́ ọ nínú omi, ó dà á yíká, ó jẹ́ kí ẹ̀rọ po omi náà fún wákàtí méjì láìgba inú asẹ́ kọjá, ó sì pa ẹ̀rọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìdọ̀tí náà ti dì pọ̀, ó ti sùn sílẹ̀ bí gbègìrì. A fi rọ́bà fà á, jẹ́jẹ́ ni, jẹ́jẹ́ ni, a sì darí rẹ̀ sí gọ́tà tààrà, nítorí bí ó bá gba inú asẹ́, yóò dí i. A bu omi mìíràn rọ́pò èyí tí a fà dànù, a tún yẹ pH wò, nítorí álọ́ọ̀mù a máa mú un wálẹ̀.

Ní ọjọ́ keje, a sọ àwo náà sí ibi tí ó jìn jùlọ, mítà 2 nísàlẹ̀. Ìyá ọmọ náà ni Bàbá ní kí ó wá wò ó. Ó tẹ̀ wò ó, ó ní, “Mo rí òdòdó rẹ̀. Mo ka ewé rẹ̀, márùn-ún ni.”

OLÓWÓ PÀÁPÀÁ A MÁA ṢÌNÀ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìlówó nìkan ní í fa irú èyí. Nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì ní ìlú Rio de Janeiro, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2016, gbogbo ayé ni ó rí i lórí tẹlifíṣọ̀n bí adágún tí àwọn eléré ń bẹ́ sí ṣe di àwọ̀ ewé láàárín ọjọ́ kan. Kò pẹ́ tí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn alákòóso ṣe àlàyé oríṣiríṣi kí wọ́n tó sọ pé ní ọjọ́ 5 oṣù náà, àwọn tí ń tọ́jú omi ti da lítà 80 oògùn tí wọ́n ń pè ní hydrogen peroxide sí i. Oògùn yìí àti kilorínì a máa pa agbára ara wọn. Ẹ̀rọ tí ń wọn kilorínì sì ń sọ pé ó wà, nígbà tí kò ní agbára kankan mọ́. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fa omi ọ̀kan nínú àwọn adágún náà dànù, omi tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ lítà, kí àwọn tí ń jó nínú omi lè rí ara wọn. Oògùn rere méjì tí a kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kí a tó dà á pọ̀, ó lè di ìṣòro kan.

OHUN TÍ ẸGBỌ́N MI SỌ

Omi ti mọ́, ọkàn mi kò tíì mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ keje yẹn, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. Àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Omi náà bàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo fi owó dísẹ̀lì yín san owó ilé mi.” Mo sọ ti ọmọ ọlọ́dẹ fún un, n kò fi ohunkóhun pamọ́.

Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé fóònù ti gé. Lẹ́yìn náà ni ó ní: “Àbúrò, mo ti mọ̀. Mo rí máńgòrò pípọ́n lórí igi nínú àwòrán rẹ. Ìgbà wo ni igi máńgòrò wa ń so báyẹn nínú òjò oṣù keje? Ìwọ ni mo ń dúró dè. Owó ilé tí o fẹ́ san, bí o bá béèrè, ṣé n kò ní fún ọ ni?”

Ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn yìí ni ó dùn mí jù. Bí ó bá bú mi, ara ì bá tù mí.

Nígbà tí wọ́n dé, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ni pé ó pe wẹ́dà, ó ní kí ó fi irin ṣe ọgbà yí adágún náà ká, pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà tí ń ti ara rẹ̀, tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé ìdè rẹ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ náà parí ni àwọn ọmọ rẹ̀ tó wọ omi. A ti yẹ̀ ẹ́ wò, kilorínì ti wálẹ̀ sí mílígíráàmù 3 nínú lítà kan, pH sì jẹ́ 7.4. Ọmọ ọlọ́dẹ náà wà lára wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó dì í mú ní ibi tí kò jìn, tí ó ń kọ́ ọ bí a ti ń fi ẹsẹ̀ lu omi.

Ẹ̀yin tí irú adágún yìí wà ní ìkáwọ́ yín, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ jẹ́ kí omi náà máa rìn lójoojúmọ́. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ má jẹ́ kí kilorínì rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju mílígíráàmù 1 lọ, ẹ sì jẹ́ kí pH rẹ̀ wà láàárín 7.2 sí 7.6. Bí òjò ńlá bá rọ̀, ẹ kó ewé inú rẹ̀ ní ọjọ́ náà, ẹ má dúró di ọ̀la. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá hàn, ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ ẹni tí ó mọ odò í wẹ̀ jù ní ìlú. Bí owó bá sì kù díẹ̀ káàtó fún yín, ẹ sọ fún ẹni tí ó ni í.

Àwo funfun náà wà lórí tábìlì mi nísinsìnyí. Ìyàwó mi fẹ́ fi í bu ìrẹsì, mo ní kí ó jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ ná.